Obìnrin Mọ́kànlá Tí Mo Wá Dé Orí Omi

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún. Ẹlòmíràn gbọ́ pé mo lọ kọ́ èdè kan, ó sì ń retí kí n fọ̀ ọ́ sí òun létí. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ béèrè bóyá èdè àwọn Ìlàjẹ ni. Rárá o. Èdè kọ̀ǹpútà ni, èyí tí a fi ń ṣe ìṣirò. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́ sí ẹnikẹ́ni létí. Àmọ́ torí rẹ̀ ni mo ṣe fi Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀, torí rẹ̀ ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, torí rẹ̀ náà sì ni mo ṣe dìde láàárín ìpàdé tí mo sọ pé mo ti ṣi ènìyàn kà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Mùrí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni kí wọ́n kó ìwé ìbéèrè tí àwọn ará ìlú dáhùn wá bá mi, kí n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí n sì sọ ohun tí ìdáhùn wọn pa pọ̀ jẹ́. Èdè ìṣirò kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe é, mo sì mọ èdè náà bí mo ṣe mọ ilé ìdáná mi. Bí iná bá lọ, màá fọwọ́ wá iyọ̀ kàn.

Àwọn olùwádìí kan ní Àgọ́-Ìwòyè ló mọ ààrò tuntun fún ogójì obìnrin tó ń yan ẹja ní Òde-Omi, ààrò tí kì í jẹ́ kí èéfín fẹ́ síni lójú. Kí wọ́n tó mọ ọ́n, wọ́n bi obìnrin kọ̀ọ̀kan pé ọjọ́ mélòó ló ń wúkọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n padà lọ bi wọ́n. Èmi ni mo ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ilé, láìdé etí omi rí. Mo ní ọgbọ̀n nínú ogójì ni ara wọn ti yá. Dókítà Fúnkẹ́, tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, yọ̀ púpọ̀, ó sì ti sọ fún àwọn àgbà etí omi pé àwọn yóò mọ irú ààrò bẹ́ẹ̀ kiri gbogbo agbègbè náà.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ní kí gbogbo ìṣirò wà ní èdè tuntun kan, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́.

“Màmá, ẹ máa wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Òde-Omi, kí ẹ tún ìṣirò náà ṣe níbẹ̀, kí àwọn obìnrin náà lè rí ẹni tó ń kà wọ́n kí a tó ṣèpàdé.”

Mo ní mo ti dàgbà jù. Ó ní òun kò gbọ́ ohun tí mo sọ, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

*Àgọ́-Ìwòyè*

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni orúkọ èdè náà: R. Mo bi Dókítà pé ṣé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ń kánjú lọ síbì kan ni.

Àgọ́-Ìwòyè kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n àjèjì ni mo jẹ́ níbẹ̀. Ibi yòówù kí n yà sí, àwọn ọmọ iléèwé ni. Bí mo bá wọ ilé oúnjẹ, wọn yóò dìde fún mi lórí àga, wọn yóò sì bi mí pé, “Mà, ta lẹ wá wò?” Wọ́n rò pé ọmọ mi ló ń kàwé níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé èmi gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́, ọmọbìnrin kan fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Mà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ páàsì o.” Gbogbo tábìlì ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Dókítà Fúnkẹ́ kò tíì pé ogójì ọdún. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Bó bá kí mi tán, yóò jókòó tì mí, yóò ní, “Ẹ pa ìyẹn rẹ́, Mà.” Bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún mi tó náà ló ṣe ń pa iṣẹ́ mi rẹ́ tó.

Ní èdè mi àtijọ́, a kì í parí gbólóhùn kankan láìfi àmì kan sí i, àmì ìdánudúró lókè, kọ́mà nísàlẹ̀. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, iṣẹ́ dàrú. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn débi pé mo ń fi í sí ìparí gbogbo ìlà nínú R.

“Kò pọn dandan níbí, Mà.”

“Ṣé yóò bínú ni?”

“Kò ní bínú. Ó kàn máa wò yín níran ni.”

Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni ti lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Èdè mi àtijọ́ kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo kọ *Iko* sókè, mo kọ *iko* sísàlẹ̀, R ní òun kò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi. Mo na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. “Òun nìyẹn! O ò rí i?”

Dókítà fara balẹ̀ bi mí pé, “Màmá, ṣé ọkọ àti ọkọ́ jẹ́ ọ̀kan náà?”

“Ká má rí i!”

“Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí lójú tiẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà n kò ṣì í mọ́. Ẹni tó ń fọ Yorùbá, tó mọ̀ pé àmì orí kan lè sọ ọkọ ẹni di irin tí a fi ń roko, kí ló fẹ́ bá R jà sí?

Ohun kan ṣoṣo ni kò wọ orí mi. Nínú èdè àtijọ́, bí ẹni tò síwájú nọ́ọ̀sì ni. Obìnrin àkọ́kọ́ á wá, a ó kọ tirẹ̀, ó tó, kí ẹnì kejì bọ́ síwájú. R fẹ́ kí n bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń kí ìjọ. Èmi kò lè ṣe é. Mo ń kọ ìlà mẹ́wàá níbi tí Dókítà ti ń kọ ìlà kan, ó sì ń wò mí tàánútàánú. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe pé nìyẹn.

*Ọwọ́ Jónà*

N kò ní fi ọ̀nà Abígi dá yín lágara. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbé yín dé etí omi, níbi tí mo ti béèrè orúkọ ọkùnrin tí yóò wa ọkọ̀ wa, tí wọ́n dá mi lóhùn pé Bàbá Jónà ni.

Mo padà sẹ́yìn.

“Jónà wo?”

Àgbàlagbà náà ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kò gbójú sókè. “Èyí tí ẹja pọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ,” ó ní. “Gbogbo ará òkè ló ń bi mí. Ẹ wọlé, Mà. Láti ọmọdé ni mo ti wà lórí omi yìí, ẹja ò gbé mi rí, èmi ni mo ń gbé ẹja.”

Àwọn tó ti wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, mo sì tún àwọn kan kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ náà mì, ọkàn mi mì tẹ̀lé e. Mo di kọ̀ǹpútà mi mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi tẹ́ lọ salalu, ó ń dán bí páànù tuntun, kò sí igi kan tí ojú mi lè fi ṣe àmì. Àwa tí a dàgbà sínú igbó, ohun gbogbo ló máa ń súnmọ́ wa: kòkó níbí, ọ̀pẹ lọ́hùn-ún. N kò mọ̀ pé ilẹ̀ lè ṣófo tó bẹ́ẹ̀ kó sì lẹ́wà. Kò pẹ́ tí òórùn ẹja yíyan fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá pàdé wa, kí a tó rí ilé kan.

Ní èbúté, gbogbo ènìyàn ló ń kí mi káàbọ̀. Mo rò pé wọ́n ṣì mí mú fún ẹlòmíràn. Àṣé bí wọ́n ṣe ń kí àlejò nìyẹn: ẹni tó bá ti rí ọ kọ́kọ́ ń kí ọ ná, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ẹni tí o jẹ́. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń fọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìjẹ̀bú tiwa. Wọ́n ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn bí okùn àwọ̀n, n ó sì ti dáhùn kí n tó mọ̀ pé wọn kò tíì parí ìbéèrè.

*Ilé Màmá Tóyìn*

Màmá Tóyìn, olórí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja, ló gbà mí sílé. Aláàdúrà aláṣọ funfun ni, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ń dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Nígbà tó rí ìborùn mi, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ̀yin ń bọ́ bàtà kí ẹ tó gbàdúrà?”

“A ń bọ́ ọ.”

“Àwa náà ń bọ́ ọ. Kí ló wá kù?”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn parí síbẹ̀. Láràárọ̀, bí mo bá jí fún ìrun àsùbáà, màá bá kẹ́tùlù omi àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ á sì ti wọ aṣọ funfun, á máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Ẹ dákun, ẹ fi ìkókoré sílẹ̀ ná. Púpurú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú mi. Ẹ̀gẹ́ ni, àmọ́ wọ́n ti fi iná àti èéfín gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, òórùn èéfín sì wà nínú òkèlè náà. Òkèlè àkọ́kọ́, mo rò pé oúnjẹ jóná. Òkèlè kẹta, mo ń wá ẹran nínú ọbẹ̀. Kò sí ẹran. Edé tútù ni, akàn ni, ọ̀bọ̀kún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi ni. Màmá Tóyìn ń wo ọwọ́ mi bó ṣe ń sáré, ó ní, “Ará òkè, ẹ rọra, egungun wà ńbẹ̀.”

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo ní kó jẹ́ kí n bá a yan ẹja. Ó tẹ́ ẹja sórí àwọ̀n wáyà lórí ààrò, ó kún fọ́fọ́. Nígbà tó yá tó yẹ ká yí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yí wọn, mo ń fẹnu fẹ́ ìka. Mo ṣe bíi mẹ́fà. Gbogbo àwọn obìnrin agbo ilé dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò mí.

“Ìyá Mùrí,” Màmá Tóyìn ní, “ṣé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ béèrè orúkọ wọn ni?”

Ó mú àwọ̀n wáyà mìíràn, ó dé e lé wọn lórí, òun àti ẹnì kejì di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, wọ́n yí gbogbo rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó parí. Ẹja bí ọgọ́rin, ìṣẹ́jú kan.

Mo dúró síbẹ̀, ìka mi ń ta mí. Mo wọlé lọ, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo pa ìlà mẹ́wàá tí mo fi ń pe àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan rẹ́. Mo kọ ìlà kan. Ó ṣiṣẹ́. Mo pariwo débi pé Màmá Tóyìn sáré wọlé, ó rò pé ejò ni.

*NA*

Lọ́jọ́ kejì, òjò dá wa jókòó sílé. Mo ní kí R bá mi kó ọjọ́ tí àwọn obìnrin náà ń wúkọ́ lẹ́yìn ààrò tuntun pọ̀, kó sì pín in dọ́gba. Ó dáhùn pẹ̀lú lẹ́tà méjì: NA. Mo tún béèrè. NA. Mo fi sùúrù béèrè lẹ́ẹ̀kẹta bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. NA.

Ohun tí R máa ń kọ nìyẹn níbi tí a kò bá rí ìdáhùn kọ. Bí ẹyọ ìdáhùn kan bá ṣófo, òun kò ní dá ọ lóhùn lórí gbogbo rẹ̀. Dókítà ti kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan tí a lè fi kún un tí yóò fi fo àwọn tó ṣófo. Èmi sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ìfò. Èdè mi àtijọ́ kì í dúró gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń fò wọ́n, kò sì ní wí fún ọ.

Mo fi ọ̀rọ̀ ìfò sí i, nọ́ńbà jáde, ọkàn mi balẹ̀. Mo wá béèrè ìbéèrè ńlá. Nínú ìṣirò mi àtijọ́, ẹni tó bá ń wúkọ́ tí kò tó ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo kà sí ẹni tí ara rẹ̀ yá. Mo ní kí R ka irú wọn fún mi. Mọ́kàndínlógún.

Ẹ rántí pé ọgbọ̀n ni mo ti sọ fún ayé.

Mo yọ mọ́kàndínlógún kúrò nínú ọgbọ̀n, ó ku mọ́kànlá. Mo ka àwọn NA inú ìwé náà. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlá.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Nínú èdè àtijọ́, àyè tó ṣófo kéré ju nọ́ńbà kankan lọ. Ó tilẹ̀ kéré ju òdo. Nígbà tí mo ní kó mú àwọn tí tiwọn kò tó mẹ́ta wá, ó kó àwọn tó ṣófo mọ́ wọn. Ìgbà tí àwọn tó lọ béèrè ìbéèrè kejì kò bá obìnrin mọ́kànlá nílé, wọ́n fi àyè wọn sílẹ̀, èmi sì jókòó sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo kọ ọ́ pé ara wọn ti yá. Ó ti mọ́ mi lára láti máa fojú fo àyè òfìfo. Ogún ọdún! Ta ló mọ iye ènìyàn tí mo ti wò sàn báyìí?

Màmá Tóyìn ń ṣa edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Kí ló dé tí ojú yín rẹ̀wẹ̀sì?”

Mo fi ojú kọ̀ǹpútà hàn án. Ó béèrè pé kí ni NA. Mo ní ó túmọ̀ sí pé a kò mọ̀.

“A ò mọ̀ kẹ̀? Èwo ni a ò mọ̀ níbẹ̀? Ta ni?”

Mo ka orúkọ àkọ́kọ́.

“Ìyá Lékè! Ó wà ní àgọ́ apẹja lọ́hùn-ún. Ìtẹ̀lé e?”

Mo kà á.

“Ó wà níbẹ̀ náà. Ìtẹ̀lé e?”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tí edé fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́wàá nínú mọ́kànlá ló mọ ibi tí wọ́n wà, ó tilẹ̀ mọ ilé ẹni tó wà lápá ọ̀tún wọn. Ọ̀kan péré ni kò mọ̀, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà Ṣeun. Ó ní òun gbọ́ pé ó ti gòkè lọ bá ọmọ rẹ̀ tó bí ìbejì, ṣùgbọ́n òkè wo, òun kò mọ̀.

Nígbà tí òjò dá, mo lọ sí èbúté níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo sì jẹ́wọ́ fún Dókítà Fúnkẹ́. Ó ní kí n tún iye náà kà fún òun, mo tún un kà.

“Màmá, ìpàdé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Mo mọ̀.”

“A lè lo ọ̀rọ̀ ìfò. A ó sọ pé mọ́kàndínlógún nínú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí a rí bá sọ̀rọ̀ ni ara wọn yá. Kì í ṣe irọ́.”

“Kì í ṣe irọ́, Dókítà. Àmọ́ ibi tí wọ́n wà kò jìnnà. Màmá Tóyìn mọ̀ wọ́n.”

Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé tó ti jáde, kì í ṣe tèmi, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà.

“Ẹ lọ wá wọn, Mà,” ó ní.

*Wíwá kiri*

Bàbá Jónà ló ń gbé wa kiri, èmi àti Màmá Tóyìn. Lọ́jọ́ kejì n kò ka súrà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin mo sùn lọ nínú ọkọ̀.

Àgọ́ apẹja ni a kọ́kọ́ lọ, ahéré imọ̀ ọ̀pẹ lórí iyanrìn. Ìyá Lékè jókòó lẹ́yìn ààrò alámọ̀ tó ń rú èéfín bí oko tí wọ́n ń sun. Kò dìde kí wa. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó wúkọ́ dé ìdí, ó nu ojú.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ara mi ti yá?”

Mo ní èmi ni.

“Ẹ káre.”

Màmá Tóyìn ṣí ẹnu láti gbèjà mi, mo fọwọ́ dá a dúró. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Àyè yín ṣófo nínú ìwé, mo sì fi ohun tó wù mí kún un. Mo wá kí ẹ lè fi ẹnu ara yín kún un.”

Ó wò mí títí. Ó ti àpótí kan sí mi pé kí n jókòó.

“Ààrò yín dára,” ó ní. “Ìgbà tí mo ń lò ó, mo ń sùn. Àmọ́ ìlú ni ẹ mọ ọ́n sí. Bí edé bá ṣí lọ, àwa náà á ṣí tẹ̀ lé e. Ṣé mo lè gbé bíríkì lérí wọ inú ọkọ̀ Jónà?”

“Ọkọ̀ á rì,” Bàbá Jónà dáhùn láti etí omi.

“Ilé adìyẹ ni mo fi tèmi ṣe. Wọ́n ń yé dáadáa níbẹ̀.”

Ohun tí púpọ̀ nínú wọn sọ náà nìyẹn. Àwọn méjì ni ìkún omi ba tiwọn jẹ́. Àwọn méjì mìíràn kàn lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí wọ́n wá béèrè ni. Ara wọn le, wọ́n sì fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń wá wọn bí ẹni tó jí nǹkan. Ibi gbogbo tí a dé, wọ́n fún wa ní oúnjẹ. Màmá Tóyìn ní ìwádìí mi yìí yóò sọ mí di ẹni tí ọkọ̀ kò lè gbé.

Bí a bá ti padà délé, màá tẹ ìdáhùn wọn sí ààyè wọn, NA kan á sì kúrò. Ẹ ò lè mọ adùn tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a wá mẹ́wàá tán, mẹ́jọ ṣì ń wúkọ́, ara méjì ti yá. Ọ̀kan péré ló kù tí a kò mọ̀.

*Ìpàdé*

Dókítà Fúnkẹ́ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé. Abẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté ni a pé jọ sí, àwọn àgbà ìlú níwájú, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja lẹ́yìn. Ìyá Lékè wá láti àgọ́, ó dúró, kò gbà láti jókòó.

Mo dìde. Mo ní ọgbọ̀n tí mo kà nígbà kan kì í ṣe ọgbọ̀n. Mo ní mọ́kànlélógún ni, nínú mọ́kàndínlógójì, àti pé ẹnì kan ṣì wà tí a kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe ṣì í. Bàbá kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ṣé irọ́ ni wọ́n ti ń pa fún àwọn láti ọjọ́ yìí.

Dókítà dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, ó sì dìde.

“Ẹ̀yin bàbá mi, Màmá ló ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e dé iwájú yín láìyẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo sọ ọ́, èmi náà ni mo gbà á padà. Ààrò náà dára fún ẹni tó ń gbélé. Kò dára fún ẹni tó ń ṣí kiri. A fẹ́ kí ẹ sọ irú èyí tí a máa ṣe fún wọn.”

Ibẹ̀ wá dàrú dáadáa. Gbogbo àwọn obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n la àgbá irin sí méjì, kí wọ́n ṣe ọwọ́ sí i. Ẹlòmíràn ní ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀. Dókítà ń kọ, ó ń kọ, bírò rẹ̀ tán, wọ́n fún un ní òmíràn. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ìyá Lékè sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

“Ìsinsìnyí ni mo gbà pé ẹ wá sọ́dọ̀ wa.”

Ó jókòó.

*Ilaporu*

Mo ti padà sílé fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọkọ mi ní mo ti ń fa ọ̀rọ̀ bí ará etí omi, ó ní bí mo bá bi òun ní ìbéèrè, òun á ti jẹun tán kí n tó parí rẹ̀. Fóònù dún. Màmá Tóyìn ni, ohùn rẹ̀ kún ilé.

“Ìyá Mùrí! Mo ti gbọ́ ibi tí Ìyá Àgbà Ṣeun wà! Wọ́n ní ìlú kan tó ń jẹ́ Ilaporu. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

Ṣé mo mọ̀ ọ́n? Ilaporu tó wà nítòsí wa níbí! Lẹ́yìn gbogbo omi tí mo là kọjá! Mo gbé kọ̀ǹpútà, mo gun ọ̀kadà.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá a, arúgbó kékeré kan tó pọn ọ̀kan nínú ìbejì sẹ́yìn, tí èkejì sùn sórí ẹní. Mo kí i, mo sọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ó na etí.

“Láti Òde-Omi? Ta ló ní kí ẹ wá mi?”

“Ẹ̀yin lẹ kù nínú ìwé, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ṣì ń wúkọ́?”

Ó rò ó dáadáa, ó ń mi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

“Bóyá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àmọ́ kí ẹ má kọ ọ́ pé ààrò yín ló wò mí o. Láti ìgbà tí mo ti wá n kò yan ẹja. Ìwọ̀nyí ni mo ń yan.” Ó tọ́ka sí ìbejì, ó sì rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.

Mo kọ ọ̀kan sí ààyè rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mo kọ ọ́ pé kò sí nídìí ẹja mọ́, kí ẹni tó bá máa kà á lẹ́yìn mi má bàa ṣe irú àṣìṣe mi. Mo wá pa ọ̀rọ̀ ìfò rẹ́, mo sì béèrè ìbéèrè náà lọ́wọ́ R tààrà. Kò kọ NA. Nọ́ńbà ló jáde: méjìlélógún, nínú ogójì.

Ìyá Àgbà yọjú wo kọ̀ǹpútà lórí èjìká mi. “Kí ló sọ?”

“Ó ní ogójì ni yín, Mà. Ẹ pé.”

Ó mi orí bí ẹni gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ kejì lórí ẹní, ó sì nà án sí mi.

“Ẹ bá mi gbé èyí ná,” ó ní, “kí n lọ bu oúnjẹ fún yín.”